Dípò Méjì Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì lá a lálàá. Ọ̀sán gangan ni, ní Yaba, lọ́dún 1999. Jethro tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà láàyè, ẹ lè lọ bi í. Tó bá ní òun ò rántí, ẹ má wo ẹnu ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Moyọ̀sọ́lá lorúkọ mi. Mushin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà pẹ̀lú màmá wa. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, èmi àti Ọládipúpọ̀ àbúrò mi. Dípò la máa ń pè é. Dípò lọ sí Jámánì ní 1996. Ó ní ọdún kan péré lòun máa lò. Ọdún kẹta la wà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ilé wa ná. Tí wọ́n bá pe ọ̀kan nínú wa lórúkọ, tí a ò bá tíì rí ẹni tó pè wá, a kì í dáhùn. A máa dákẹ́. Tó bá pè lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn la tó máa jẹ́ ẹ. Màmá ló fi kọ́ wa láti kékeré, pàṣán sì wà níbẹ̀ fẹ́ni tó bá gbàgbé. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé l'Ógbómọ̀ṣọ́, àbúrò wọn kan jẹ́ ìpè àkọ́kọ́ lóko, lọ́sàn-án. Kí ló wá ṣe é? Wọn ò sọ fún wa rí. Wọ́n á kàn ní, "Ó dáhùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Àwọn tá a jọ ń gbélé a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní gbogbo wa la dití.

Ó ti mọ́ wa lára. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń ṣe é mọ́.

Dípò ló kọ lẹ́tà sí mi pé kí n lọ wá ibi tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rántí Jethro. A jọ ṣe kíláàsì kan ní Yaba Tech. Òun ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sókè pẹtẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn Herbert Macaulay. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, fáànù kan, jẹnẹrétọ̀ kan nísàlẹ̀ tó ń pariwo ju ẹ̀rọ ata lọ. Tí láìnì tẹlifóònù bá fẹ́ wọlé, ẹ máa gbọ́ igbe nínú àpótí kékeré kan. Ó máa ké, ó máa fọn, ó máa ha gààrà. Lẹ́yìn náà ó máa dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn lẹ ń dúró dè. Tó bá ti dákẹ́, ẹ ti wọlé nìyẹn.

"Kì í ṣe lẹ́tà o," Jethro sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "O máa tẹ ọ̀rọ̀, Dípò máa rí i, á dá ẹ lóhùn kó o tó mí."

"Láti Jámánì?"

"Láti Jámánì. Tó bá tiẹ̀ ń jẹun, á fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́."

"Dípò kì í fi ọwọ́ kan jẹun. Ọwọ́ méjèèjì ló máa ń kì bọ̀ ọ́."

"Ó ti wá kọ́ ọ níbẹ̀ nìyẹn."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ máa mú orúkọ kan. Dipo lásán, láìsí àmì ohùn, ni Dípò mú. Ẹni méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ò ní gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wọ yàrá. Yàrá yẹn ò sí níbì kankan o, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Dípò sọ tiwa ní Pálọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá, ẹ̀rọ máa fi àmì kékeré kan síwájú orúkọ ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ làwa ń pe àmì yẹn. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lè lé èèyàn jáde, ó lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má wọlé mọ́, ó sì lè gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì. Tí gbogbo èèyàn bá jáde tán, yàrá ti kú. Ẹni tó bá tún kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìyẹn, òun ló ni ín.

Kí Pálọ̀ má bàa kú, Dípò ní ọgbọ́n tó ń dá. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Hamburg ló ti ń gbálẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò lò. Kì í pa á. Ọ̀sán, òru, orúkọ ẹ̀ wà ní Pálọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá wọlé, màá bá a níbẹ̀. Bí mo bá ṣe ń wọlé ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ó ní Àǹtí ló yẹ kó máa mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání. Tí mo bá ń lọ, màá dá a padà fún un. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta. A kì í yẹ̀ ẹ́.

Ó ku ohun kan. Ọjọ́ kan tí Jethro ń jẹ ẹ̀pà ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló mú wa dání," ó ní. "Wọ́n pọ̀, káàkiri ayé, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ìwọ wà lọ́wọ́ èyí tó wà l'Amẹ́ríkà. Dípò wà lọ́wọ́ tapá Jámánì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, ẹ̀rọ máa ń pè ẹ́."

"Pè mí?"

"O ò ní gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ẹ ló ń bá ẹ dáhùn. Tí kò bá dáhùn, ẹ̀rọ á gbà pé o ti kú, á yọ orúkọ ẹ."

"Tí láìnì bá kàn já ńkọ́?"

"Orúkọ ẹ á ṣì jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Iwin là ń pe ìyẹn. O máa rí orúkọ, kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀."

Ó da èèpo ẹ̀pà sínú agolo. Mo rẹ́rìn-ín.

Ìwé ìgbélùú Dípò jáde nínú oṣù Kẹwàá. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ló máa délé. Màmá ò lè sùn dáadáa mọ́. Wọ́n ń kun yàrá ẹ̀ fúnra wọn, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo wọ Pálọ̀ ní aago mẹ́ta. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo nísàlẹ̀. Èmi nìkan ni kọ́sítọ́mà.

"Àǹtí mi, Màmá ńkọ́?" Dípò kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà.

"Wọ́n ń kun yàrá ẹ."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kun fèrèsé. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní praímárì. Mo fẹ́ bá a níbẹ̀."

Mo ń tẹ èsì lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ ẹ̀ jáde. Ó kàn kúrò. Ẹ̀rọ kọ orúkọ ẹ̀rọ méjì sílẹ̀, ó dákẹ́.

"Wọ́n ti já ara wọn sílẹ̀," Jethro sọ láti ìdí tábìlì ẹ̀. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Apá tiẹ̀ àti apá tìẹ ti pín. Òun náà ń wo ojú kọ̀ǹpútà báyìí, ó rò pé ìwọ lo lọ."

"Pálọ̀ ńkọ́?"

"Ó di méjì. Tìẹ kan, tiẹ̀ kan. Tí wọ́n bá tún di ara wọn mú, á padà di ẹyọ kan."

Ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ kú.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ariwo tó ti wà létí yín látàárọ̀ bá dá. Fáànù yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Mo gbọ́ tẹ́nìkan ń gbá ilẹ̀ lójú pópó. Bátìrì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà mi gbé e dúró, òun àti àpótí láìnì. Bátìrì náà ń ké. Píì. Ó dákẹ́. Píì.

Dipo wọ Pálọ̀.

"Mo wà ńbí," ó kọ ọ́.

"Ara ẹ̀ yá o," ni Jethro wí. "Ó ti gba apá tiwa wọlé."

Mo kọ ọ́ sí i pé Màmá ti kun fèrèsé náà, kó má bínú.

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

A sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nípa tíkẹ́ẹ̀tì, nípa bí òtútù ṣe ń mú lọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan tó ṣàjèjì. Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà mì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ ti padà di ara wọn mú. Orúkọ kan wọlé láti apá ọ̀hún. Dipo náà ni, ṣùgbọ́n ìlà kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, torí ẹ̀rọ ò gbà kí ẹni méjì jẹ́ orúkọ kan.

"Àǹtí mi," onílà kọ ọ́, "ẹnìkan ti mú orúkọ mi."

Mo ká ọwọ́ mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Jethro dìde wá. Ó kà á, ó tún un kà. "Iwin lọ̀kan," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ á pè wọ́n. Èyí tí ò bá dáhùn á jábọ́ fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó pọ̀ jù, márùn-ún."

A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Kò sí èyí tó jábọ́ nínú àwọn méjèèjì.

"Kì í rí báyìí," Jethro sọ. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè. Mo ní, kí lorúkọ ajá wa?

"A ò lájá rí." Ìlà méjì ni, ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n jọ balẹ̀ ni.

Mo ní, ibo lo ti já bọ́ tó o fi ní àpá lágbọ̀n?

"Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì." Àwọn méjèèjì.

"Àǹtí, ẹ lé e jáde," Dipo kọ ọ́. "Ẹ lé e kí bátìrì tó kú."

"Ẹ má lé mi," ni onílà kọ. "Tí ẹ bá lé mi, mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbà wọlé."

Bátìrì ń ké. Píì. Píì. Ó ti ń yára sí i.

"Wò ó," Jethro sọ. Ó ti fọwọ́ di ẹ̀yìn àga mi mú. "Pè é lórúkọ. Orúkọ gidi tí wọ́n sọ ọ́. Iwin kì í dáhùn. Èyí tó bá jẹ́ ẹ, òun lèèyàn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọládipúpọ̀.

"Mo wà ńbí," ni Dipo dáhùn. Ìka mi ò tíì kúrò lórí bọ́tìnì.

Onílà ò sọ nǹkan kan.

Mo ka ọgbọ̀n. Mo tún ka ọgbọ̀n míì. Ìlà kékeré ìdí orúkọ ẹ̀ ṣáà dúró síbẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀. Kò fọhùn.

"O ti rí i," Jethro ní. "Lé e."

"Jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

"Bátìrì ń lọ, Moyọ̀. Tó bá kú, ìwọ náà á jábọ́. Kọ́kọ́rọ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ta ló máa wá yàn láàárín wọn?"

Mo lé e. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tá a máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún Dipo.

"Ẹ ṣé, Àǹtí," ó kọ ọ́.

Bátìrì kú. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mo rí ojú èmi àti Jethro nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mi ò sọ nǹkan kan fún Màmá. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ fọ àwo. Oòrùn ṣì wà. Mo ń fọ àwo, mo ń sọ fún ara mi pé ó ti parí. Màmá pè mí láti inú ilé.

"Moyọ̀sọ́lá."

Mi ò dáhùn. Ọwọ́ mi ń fọ àwo lọ. Mo ń dúró, bí mo ṣe máa ń dúró láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ mi.

"Moyọ̀sọ́lá."

"Mà."

Ìgbà yẹn lọkàn mi tó lọ síbẹ̀. Àwo bọ́ sínú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pe Dípò. Mo pè é láti ibi tí kò ti lè rí mi, mo wá lé èyí tí kò dáhùn.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún èyí tó dáhùn pé orí bátìrì la wà?

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Jethro tó ṣí i lọ́jọ́ kejì. Dipo wà ní Pálọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gbé e fún mi.

"Ṣílẹ̀kùn fún ẹni àná," mo kọ ọ́.

"Ẹni wo?"

"Ẹni tó nílà lẹ́yìn."

"Kò sẹ́nì kankan níta, Àǹtí."

Jethro bá mi wá orúkọ náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe fóònù ilé tí Dípò ń gbé ní Hamburg. Ó dún, ó dún. Kò sẹ́ni tó gbé e.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi," mo tún kọ ọ́.

"Ẹ fara balẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa gbé e wá sílé."

Ó délé lóòótọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún, ọjọ́ Sátidé, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo àdúgbò funfun. Báàgì méjì ló gbé. Mo wo ojú ẹ̀, mo wo àpá àgbọ̀n ẹ̀, mo wo bó ṣe máa ń gbé èjìká kan ga ju ìkejì lọ. Dípò ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ Dípò. Mo dì mọ́ ọn, mo gbóòórùn ọṣẹ àti ọkọ̀ òfuurufú lára ẹ̀, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ṣe máa ń rùn.

Màmá wà nínú yàrá. Wọn ò tíì rí i. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n pè láti inú lọ́hùn-ún.

"Ọládipúpọ̀."

"Mo wà ńbí, Màmá."

Orúkọ náà ò tíì tán lẹ́nu wọn.

Mo dúró. Màmá ò tètè jáde. Nígbà tí wọ́n jáde, ọwọ́ wọn wà lára ògiri. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Wọn ò bá a wí. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìpè kan péré bẹ́ẹ̀, pàṣán ni.

Wọ́n pè mí sí kíṣìnnì.

"Òun nìkan ló wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ẹ̀?"

"Rárá, Mà."

Wọ́n bu oúnjẹ Dípò. Wọ́n wá bu ti ẹlòmíì, wọ́n dé e, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn rí nípa Dípò méjì. Mo búra.

Ẹ máa rò pé ó wá ń ṣe nǹkan burúkú. Kò ṣe é. Ó ń pọnmi. Ó ń tún wáyà iná ṣe fáwọn ará ilé, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ló ní ọmọ yìí kò yí padà. Ká ní ó tiẹ̀ ṣe nǹkan ibi kan ni, ǹ bá mọ ohun tí màá sọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pè é, níbikíbi, lẹ́yìnkùlé, nínú balùwẹ̀, lójú oorun, ó ti dáhùn. Ohùn kan náà. Mo wà ńbí. Yàrá ẹ̀ ló ń gbé, kò béèrè fèrèsé rí.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi í sílẹ̀ nílé, ó ń gé igi ìdáná. Mo lọ sí Yaba. Mo wọ Pálọ̀.

Dipo wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni," Jethro sọ. "Kò pa á kó tó máa bọ̀. Òun náà ló ń dáhùn ẹ̀rọ."

Òótọ́ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́: Dípò.

"Mo wà ńbí."

Jethro dìde, ó lọ pa fáànù. Mi ò mọ ìdí tó fi pa á. Òun náà ò mọ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kejìlá tún jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo wọlé ní aago mẹ́ta, mo bá Pálọ̀ lófìfo. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi.

"Wọ́n ti já ara wọn sílẹ̀," ni Jethro wí jẹ́jẹ́. Ó ti wá dúró sẹ́yìn mi. Lápá tiwa, Pálọ̀ tuntun ni, kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Onílà wọlé.

Kò kọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́: Ọládipúpọ̀.

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ mímí Jethro létí mi. Mo tún un tẹ̀. Ọládipúpọ̀.

"Mà," ni onílà dáhùn. "Àǹtí mi. Mo ti ń dúró kẹ́ ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kejì."

Mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo nu ojú mi, mo ní, ibo lo wà?

"Mi ò mọ̀. Ó jọ ibi iṣẹ́ mi. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo kan gíláàsì, àwọn èèyàn ń kọjá, wọn ò wo apá ibi tí mo wà. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti lọ sílé. Mo rí ìfọwọ́sí mi. Ọwọ́ mi ni."

Mo fẹ́ kọ nǹkan kan. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú mi.

"Àǹtí mi, ṣé mo ti délé?"

Kí lẹ̀yin ì bá sọ? Mo mọ bọ́tìnì tí mo ní láti tẹ̀. Rárá. Lẹ́tà mẹ́rin péré. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ fi í ránṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà mì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ ti padà di ara wọn mú. Dipo wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ó lé onílà jáde, ó tilẹ̀kùn. Rárá tí mo kọ wá balẹ̀ sí Pálọ̀ níbi tó ku èmi àti òun nìkan.

"Ẹ máa bọ̀ nílé, Àǹtí," Dipo kọ ọ́. "Oúnjẹ ti jinná."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé Mushin. Dípò jókòó sí pálọ̀, ó ń bó ọsàn. Èèpo ẹ̀ gùn, kò já, ó ti kan ilẹ̀.

"Ẹ pẹ́ ní Yaba," ó ní. Kò gbójú sókè. "Oúnjẹ ti jinná."

Jethro ta kọ̀ǹpútà kẹta, èyí tí mo máa ń jókòó tì. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, ní Surulere, ní Ọ̀yìngbò. Mo ti dúró de ìgbà táwọn ẹ̀rọ máa tún já ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá já, mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, wọn ò já. Orúkọ Dipo ò kúrò ní Pálọ̀ rí. Ó ń jẹ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tó bá pè é.

Màmá ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán, aago mẹ́ta, wọ́n máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọjú síta, wọ́n á kọ̀yìn sí pálọ̀. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kan.

"Ọládipúpọ̀."

"Mo wà ńbí," láti inú pálọ̀.

Màmá ò ní wẹ̀yìn. Wọ́n á dúró. Gbogbo àdúgbò máa ń dákẹ́ nígbà yẹn, tàbí èmi ni mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo máa ń wo ọ̀nà. Eruku ọyẹ́ nìkan ni, àti òpó iná. Wọ́n á wá pè é lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kí ọmọ kan jí.

"Ọládipúpọ̀."

A máa ń gbọ́ tí àga bá ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn wa. A máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, títí tó fi máa dúró sẹ́yìn Màmá gan-an.

"Mo ti dáhùn, Màmá," ó máa ń sọ. "Ta lẹ tún ń pè?"